Òṣùwọ̀n wáàtì ni mo fara mọ́, kì í ṣe awọnpá

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ tí arábìnrin wa láti Ìbàdàn gbé wá ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo fẹ́ dá sí. Fún àǹfààní ẹni tí kò bá wa débẹ̀, ohun tó béèrè nìyí: ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ fún ìdárayá, tí òun náà wà nínú rẹ̀, fẹ́ tẹ ìwé pélébé kan ní èdè Yorùbá fún ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ kékeré tí a ń so mọ́ kẹ̀kẹ́ láti mọ iye wáàtì tí ẹsẹ̀ ń mú jáde, tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò sì pọ̀. Ó fẹ́ mọ ohun tí a ó pe ẹ̀rọ náà, ohun tí a ó pe irú rẹ̀ tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń wọ̀n, àti ọ̀rọ̀ tí a ó lò fún dídá a padà sí òdo kí a tó gbéra. Èsì mẹ́ta ti wọlé. Alàgbà kan dá “awọnpá”, ẹlòmíràn ní “òṣùwọ̀n agbára” ti tó, ẹnì kẹta sì ní kí a má wulẹ̀ yọ ara wa lẹ́nu, pé páwà mítà ni gbogbo ayé ń pè é.

Kí n kọ́kọ́ júbà alàgbà wa. Awọnpá bá òfin èdè mu pátápátá: wọ́n mú “wọ̀n”, wọ́n mú “ipá”, wọ́n fi “a” síwájú gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe nínú apẹja àti akọrin, ọ̀rọ̀ náà sì kúrú, ó dùn ún pè. Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀ ọ́ ni àpò ìrẹsì kan.

Ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń gbé, àlòkù sì ni ẹ̀rọ tí mo kọ́kọ́ rà, nítorí pé 300 pọ́n-ún péré ni mo yà sọ́tọ̀ fún un. Nígbà tó dé, mo fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń sọ. Mo gbé kẹ̀kẹ́ dúró nínú ilé ìdáná, mo fi okùn so bíréèkì ẹ̀yìn pinpin kí táyà má bàa yí, mo sì na apá irin tí pẹ́dà òsì so mọ́ síwájú títí ó fi dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀. Mo wá gbé àpò ìrẹsì kílò mẹ́wàá kọ́ pẹ́dà náà. Apá irin yẹn gùn ní 170 mìlímítà. Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ á rí i pé ipá tí àpò náà fi ń gbìyànjú láti yí i jẹ́ nǹkan bíi newton-mítà 16.7 (newton-mítà ni a fi ń wọn ipá tó ń yí nǹkan). Lórí fóònù mi, níbi tí ẹ̀rọ náà ti ń sọ ipá tí ó ń gbọ́, 16.5 ni mo kà, ó lọ sókè díẹ̀, ó tún padà. Ṣùgbọ́n lójú kọ̀ǹpútà kékeré tó wà lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, níbi tí wáàtì ti ń hàn, òdo gbọnrangandan ni. Ìyàwó mi wọlé, ó béèrè ohun tí ìrẹsì òun ń wá lára kẹ̀kẹ́, n kò sì rí àlàyé tó tẹ́ ẹ lọ́rùn ṣe.

Ẹ wo ohun tí ìrẹsì náà fi hàn wá. Ipá wà níbẹ̀, kílò mẹ́wàá kì í ṣe eré; ohun tí kò sí ni ìyípo. Wáàtì kì í ṣe ipá nìkan, ipá ìyípo ni a fi ìyára ìyípo sọ di púpọ̀. Bí ẹsẹ̀ mi bá mú newton-mítà 20 wá, tí mo sì ń yí pẹ́dà ní ìgbà 90 láàárín ìṣẹ́jú kan, wáàtì mi á jẹ́ bíi 188. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ bákan náà gẹ́lẹ́ ṣùgbọ́n tí ìyípo mi já sí 60, wáàtì á já sí bíi 126. Ipá kan náà ni, iye ló yàtọ̀. Inú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ṣe é ní ìdajì-ìdajì báyìí: wáyà tín-ín-rín kan wà tí a lẹ̀ mọ́ irin, bí ẹsẹ̀ bá tẹ irin, irin á tẹ̀ ní ìwọ̀n tí ojú kò lè rí, wáyà á nà pẹ̀lú rẹ̀, iná tó ń gba inú wáyà kọjá á sì yí padà, ìyẹn ni ipá. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ á tó ka bí pẹ́dà ṣe ń yára yí. Ẹni tó bá pè é ní awọnpá ti sọ ìdajì iṣẹ́ rẹ̀, ó gbàgbé ìdajì tó kù.

Ìṣòro kejì kéré, ṣùgbọ́n yóò dá yẹ̀yẹ́ sílẹ̀. Gbogbo wa ló mọ bí a ṣe ń kọ Yorùbá lórí fóònù láìfi àmì sí i. Ẹni tó bá rí “awonpa” lè kà á bí “àwọn” kan, ó sì lè gbọ́ ìpá, àìsàn tí kò sí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ tó fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ lórí ìjókòó kẹ̀kẹ́. Nítorí èyí kan náà ni n kò ṣe dábàá “awọn-wáàtì”, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn.

“Òṣùwọ̀n agbára” sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohun tí mo ń bá a jà sí ni pé agbára gbòòrò jù. Agbára oòrùn wà, agbára ìjọba wà, agbára àdúrà sì wà. Alágbára tó jókòó sórí àga ṣì ni alágbára, bẹ́ẹ̀ sì ni wáàtì rẹ̀ ní àkókò yẹn jẹ́ òdo. Bí a bá fi agbára sọ orúkọ ẹ̀rọ yìí, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á yóò rò pé òun ti wọn bí òun ṣe lágbára tó gẹ́gẹ́ bí ènìyàn, yóò sì máa fi iye tirẹ̀ wé ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ṣé ẹni kílò 60 àti ẹni kílò 90 tí àwọn méjèèjì ń mú wáàtì 250 jáde máa dé orí òkè pọ̀? Ẹni àkọ́kọ́ ní wáàtì tó ju mẹ́rin lọ fún kílò kọ̀ọ̀kan, èkejì kò ní tó mẹ́ta. Wáàtì ń sọ ohun tí o ń ṣe nísinsìnyí, kò sọ irú ẹni tí o jẹ́.

Ní ti páwà mítà, n kì í ṣe ọ̀tá ọ̀rọ̀ àyálò, ṣùgbọ́n mítà ti ní ilé tirẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Mítà tí a mọ̀ ni èyí tó wà lára ògiri, tí a ń ra yúníìtì sí, tó sì ń ka ohun tí a ti jẹ tán. Kò jọ èyí rárá. Ẹ rántí pẹ̀lú pé àwọn ará wa ní orílẹ̀-èdè Benin kò gbọ́ páwà mítà rí. “Capteur de puissance” ni èdè Faransé tó yí wọn ká ń pè é. Wáàtì ni ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ààlà jọ ní. Orúkọ James Watt, ọmọ Scotland, ni wọ́n fi sọ ọ́ ní 1882, àwa sì ti gbà á wọlé tipẹ́ nípasẹ̀ gílóòbù àti jẹnẹrétọ̀. Kò sí ìyá àgbà kan ní Òṣogbo tí kò mọ̀ pé gílóòbù ọgọ́rùn-ún wáàtì máa ń mọ́lẹ̀ ju ti ọgọ́ta lọ. Ìdí rèé tí mo fi dábàá òṣùwọ̀n wáàtì.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé òṣùwọ̀n jẹ́ ohun èlò tí a ń da nǹkan kún, torí bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń sọ pé nǹkan kúnjú òṣùwọ̀n, ẹ̀rọ yìí kò sì ní inú tí a ń da nǹkan sí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kóńgò gan-an ló ṣe àlàyé wáàtì dáadáa ju ìwé lọ. Gbogbo iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ ṣe láti ilé dé oko ni gàrí tó wà nínú àpò. Wáàtì ni iye kóńgò tí ìyá ọlọ́jà ń wọ̀n jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ó lè yára wọ̀n ọ́n fún ìgbà díẹ̀, ó sì lè rọra wọ̀n ọ́n títí ilẹ̀ á fi ṣú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, orúkọ kò ní láti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ulrich Schoberer, ọmọ Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ ilé-iṣẹ́ SRM ní 1986, fi Schoberer Rad Messtechnik sọ ọ́, ìyẹn ọgbọ́n ìwọn-kẹ̀kẹ́ ti Schoberer. Kò sí agbára níbẹ̀, kò sí wáàtì níbẹ̀, ọjà sì tà.

Ọ̀rọ̀ kejì ló ká mi lára jù, nítorí owó ẹni tó ń rà á wà níbẹ̀. Irú tó dínwó jùlọ ni a máa ń so mọ́ apá pẹ́dà òsì nìkan. Ilé-iṣẹ́ Stages ní Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ di nǹkan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà láti nǹkan bí 2012, ilé-iṣẹ́ 4iiii ti Kánádà náà sì ń ṣe é. Ó ń wọn ẹsẹ̀ òsì, ó sọ ọ́ di méjì, ó pe àpapọ̀ rẹ̀ ní tìrẹ. Arábìnrin wa kọ “òṣùwọ̀n ẹlẹ́sẹ̀ kan”. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹlẹ́sẹ̀ kan jẹ́ ohun tí a fi ń pe ènìyàn tí a gé ní ẹsẹ̀, kò yẹ kí a sọ ọ́ di orúkọ ọjà. Èkejì ni pé ó fi ohun tó yẹ kí òǹrajà mọ̀ pa mọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan yóò rò pé iye ẹsẹ̀ kan ni yóò máa rí, bẹ́ẹ̀ iye ẹsẹ̀ méjì ló ń rí, tí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ àfojúbù. Bí ẹsẹ̀ òsì mi bá mú wáàtì 120 wá, tí ọ̀tún mú 130, 250 ni mo ṣe, 240 ni yóò sọ. Ọlọ́jà tó wọn ààbọ̀ kóńgò kan, tó ní ààbọ̀ kejì kò lè ṣe kó má dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, kò tíì jalè, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó sọ fún mi kí n tó sanwó.

Nítorí náà ni mo ṣe ń dábàá “òṣùwọ̀n aṣèlọ́po”: a, ṣe, ìlọ́po, bí a ti rí i nínú aṣèrànwọ́. Orúkọ náà jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀. Èyí tó ń wọn òsì lọ́tọ̀ àti ọ̀tún lọ́tọ̀ lè jẹ́ “òṣùwọ̀n ẹsẹ̀ méjèèjì”. Èyí tó wà láàárín, níbi tí eyín ṣéènì ti so mọ́, tó ń gba àpapọ̀ ipá ẹsẹ̀ méjèèjì láìya wọ́n sọ́tọ̀, mo pè é ní “alápapọ̀”, ẹni tó bá sì rí èyí tó dára jù kó mú un wá. Ilé-iṣẹ́ Favero ti Ítálì, tó ń ṣe èyí tó wà nínú pẹ́dà, pe tirẹ̀ ní Uno àti Duo, ìyẹn ọ̀kan àti méjì tó jọ rìn ní èdè wọn. Ó sì ṣeé ṣe kí a ra Uno lónìí, kí a ra ẹgbẹ́ rẹ̀ kún un nígbà tí owó bá dé. Ìyẹn yẹ kí ó wọ inú ìwé arábìnrin wa.

Ní ti òdo, “dá a padà sódo” ti tó, kò yẹ kí a dá ọ̀rọ̀ tuntun. Ohun tí alápatà ń ṣe náà nìyẹn kó tó gbé ẹran sórí ìwọ̀n. Kìkì pé ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí a dà á pọ̀ mọ́ ohun tí mo fi ìrẹsì ṣe. Ìyẹn ni fífi ohun tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Dídá a padà sódo, ojoojúmọ́ ni, nítorí pé òtútù àti ooru máa ń yí irin padà. Yíyẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó ku ọ̀rọ̀ méjì tí ẹnì kankan kò tíì mẹ́nu kàn, tí ìwé náà kò sì lè ṣe láìní wọn. Òṣùwọ̀n lè tọ́, ó sì lè máa yẹ̀. Títọ́ ni kí iye tó sọ sún mọ́ òótọ́. Àìyẹ̀ ni kí ó máa sọ ohun kan náà lónìí àti lọ́la fún iṣẹ́ kan náà. Aṣèlọ́po lè máà tọ́ tó, síbẹ̀ kí ó má yẹ̀, bí kóńgò tí ìdí rẹ̀ wọnú díẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò pààrọ̀. Fún ẹni tó ń ra ti àkọ́kọ́, àìyẹ̀ ni kí ó fi owó rẹ̀ wá.

Mo fi àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kọ ìpínrọ̀ kan fún ìwé náà, kí a lè gbọ́ wọn lẹ́nu: “Bí owó rẹ kò bá pọ̀, òṣùwọ̀n wáàtì aṣèlọ́po ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Kí o tó sanwó, wo gígùn apá pẹ́dà kẹ̀kẹ́ rẹ, kí o sì rí i dájú pé tuntun náà bá irin àárín rẹ̀ mu. Gbé kẹ̀kẹ́ síta fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, dá òṣùwọ̀n padà sódo, kí o tó gbéra. Fi wáàtì rẹ wé tìrẹ ti oṣù tó kọjá, má fi wé ti ẹlòmíràn.”

“Apá pẹ́dà” yẹn, èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fúnra mi, kò sì dá mi lójú. Ẹ̀yin tí ẹ sún mọ́ àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ọ̀yọ́, ní Kétu tàbí ní Sakété, ẹ bá mi bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń pe irin náà. Bí wọ́n bá ti ní orúkọ fún un, tiwọn ni kí a lò.