Láti Cambridge dé irà Wicken Fen lórí kẹ̀kẹ́: irú táyà wo ló yẹ, ọ̀nà wo ló sì ṣeé gbà?

Àdìó Peckham:
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. London ni mo ń gbé, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí ni mo ra irú èyí tí wọ́n ń pè ní gravel bike, tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ bíi ti kẹ̀kẹ́ ìdíje ṣùgbọ́n tí táyà rẹ̀ nípọn, kí n lè máa kúrò lójú títì ọlọ́dà. Mo fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Cambridge ní oṣù kejì ọdún, kí n sì gba ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní Lodes Way dé irà Wicken Fen, nítorí mo gbọ́ pé ìgbà òtútù ni àwọn òwìwí máa ń jáde lójú ọ̀sán lórí Burwell Fen. Táyà mílímítà 38 ló wà lẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́ mi. Ṣé ó tó? Mo tún rí àwọn ọ̀nà oko kan lórí máàpù, tí wọ́n ń pè ní drove, tó dà bí ẹni pé wọ́n gé ìrìn náà kúrú. Ṣé ó bọ́gbọ́n mu kí n gbà wọ́n? Ìyàwó mi àti ọmọ wa tó jẹ́ ọmọ ọdún 10 fẹ́ bá mi lọ.

Bàbá Ẹ̀bá-Irà:
Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Ìtòsí Ely ni mo ń gbé, mo sì mọ ọ̀nà yẹn dáadáa. Kí a tó dé orí táyà, ilẹ̀ ibẹ̀ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Láti ẹ̀yìn Cambridge títí dé abúlé Reach, orí ilẹ̀ ẹfun tàbí ẹ̀bá rẹ̀ ni ẹ wà. Lẹ́yìn Reach, ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ sínú irà, ilẹ̀ sì di dúdú. Ilẹ̀ dúdú yìí, píìtì, kì í ṣe iyanrìn, kì í sì í ṣe amọ̀. Ewéko tó kú sínú omi ni, tó sì kó jọ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún láìjẹrà tán. Nígbà tí wọ́n fa omi rẹ̀ kúrò kí wọ́n lè dáko, afẹ́fẹ́ ráyè wọ inú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, ó sì ń rì. Ní Holme Fen, ní Cambridgeshire kan náà, wọ́n ri òpó irin kan mọ́lẹ̀ ní ọdún 1851, tí orí rẹ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba. Lónìí, òpó náà yọ sókè tó nǹkan bíi mítà 4. Ìdí nìyẹn tí àwọn odò àfọwọ́gbẹ́ ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní lode, fi ga ju àwọn oko tó yí wọn ká lọ. Ẹ óò máa gun kẹ̀kẹ́ lọ nísàlẹ̀, omi yóò sì máa ṣàn lókè lẹ́yìn ògiri ilẹ̀.

Àwọn àgbà ní àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan. Òjò lè má rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí drove kan ṣì rẹ gbingbin, nítorí omi ò jìnnà sí ojú ilẹ̀, oòrùn oṣù kejì kò sì lágbára láti fà á gbẹ. Katakata àwọn àgbẹ̀ á ti kọ ipa méjì jíjìn sórí rẹ̀, omi á sì dúró sínú méjèèjì. Píìtì tútù máa ń yọ̀ bí ọṣẹ dúdú lábẹ́ táyà, lẹ́yìn náà á lẹ̀ mọ́ ọn, á kún àlàfo tó wà láàárín táyà àti fọ́ọ̀kì, ìyẹn irin tó di táyà iwájú mú, títí kẹ̀kẹ́ kò fi ní yí mọ́ rárá, tí ẹ ó sì máa gbé e léjìká. Òfin gba kẹ̀kẹ́ láàyè lórí bridleway (ọ̀nà ẹlẹ́ṣin) àti byway (ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èrò), kò sì gbà á lórí footpath (ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀), nítorí náà ẹ wo àmì ẹnu ọ̀nà dáadáa. Ṣùgbọ́n pé òfin gbà á kò ní kí ilẹ̀ gbà á. Ní tèmi, ẹ fi drove sílẹ̀ di oṣù kẹfà, kí ẹ sì pààrọ̀ táyà yín sí mílímítà 45.

Ìyá Ẹlẹ́yẹ:
Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àwọn tó fi ibẹ̀ ṣe ilé kún un. Ọdún 1899 ni National Trust, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ilẹ̀ àti ilé àtijọ́, ra ilẹ̀ àkọ́kọ́ ní Wicken, éékà méjì péré, ní pọ́n-ùn 10. Lónìí, irú ohun ẹlẹ́mìí tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ níbẹ̀, láti orí kòkòrò dé orí ẹyẹ àti ewéko, lé ní 9,000. Ní 1999 wọ́n gbé ètò ọgọ́rùn-ún ọdún kalẹ̀ láti mú irà náà gbòòrò tó kìlómítà 53 níbùú lóròó, Burwell Fen tí ẹ sì ń wá lọ wà lára àwọn oko tí wọ́n dá padà fún omi àti koríko. Ọkàn mi máa ń kún fún ọpẹ́ bí mo bá dúró níbẹ̀.

Òwìwí tí ẹ ń wá, short-eared owl, kì í sùn sórí igi. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni, láàárín koríko gíga. Bí kẹ̀kẹ́ bá yà kúrò lójú ọ̀nà, á fò sókè, á sì ná agbára tó yẹ kó fi ṣọdẹ alẹ́. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ géètì, ẹ má sọ̀rọ̀, láti bí aago mẹ́ta ọ̀sán. Mo ti rí i níbẹ̀ tí ọ̀kan gbé eku dìde, tí àwòdì kékeré tí wọ́n ń pè ní kestrel sì já lu ú láti òkè, ó fi èékánná gbá eku náà mú, àwọn méjèèjì sì ń yí po lófuurufú títí òwìwí fi jọ̀wọ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nítòsí débi pé mo rí ojú òwìwí náà, tó ní àwọ̀ ìyeyè.

Nípa ọmọ yín: àwọn ẹṣin kékeré Konik àti màlúù onírun gígùn ti ilẹ̀ Scotland ló ń jẹko káàkiri níbẹ̀, kò sì sí ògiri láàárín yín. Bí wọ́n bá dí ọ̀nà, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ ti kẹ̀kẹ́, ẹ fún wọn láyè, ẹ má sì gba àárín ìyá àti ọmọ rẹ̀ kọjá láéláé. Ẹ má fún wọn ní oúnjẹ. Bí ẹ bá dé Wicken, ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn lórí pátákó tó la Sedge Fen kọjá.

Àdìó Peckham:
Ẹ ṣé gan-an, mo dúpẹ́. Mo ti fi drove sílẹ̀. Àmọ́ táyà tuntun tún ná owó o. Báwo sì ni ìpadàbọ̀ ṣe rí, nígbà tí ọmọ bá ti rẹ̀?

Ọmọ Ṣàgámù:
Bàbá, ẹ forí jì mí, mi ò gbà pẹ̀lú yín lórí táyà. Lodes Way fúnra rẹ̀, tó gùn tó nǹkan bíi máìlì 9, pọ̀ ní kọnkéré oko, ọ̀dà àti òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. 38 tó fún un, bí Àdìó bá dín afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kù díẹ̀ kí kọnkéré fífọ́ má baà máa gbọ̀n ọ́n lọ́wọ́. Ẹ̀gún ni kó ṣọ́ra fún. Ìgbà òtútù ni wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ gé ọgbà igi ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ń pè ní hawthorn, ẹ̀gún rẹ̀ á fọ́n ká sójú ọ̀nà, ó sì le tó láti gún táyà tó nípọn. Kí olúkúlùkù mú túùbù méjì dání, kó sì fi ìka tí ó wọ ibọ̀wọ́ wá ẹ̀gún náà nínú táyà kó tó fi túùbù tuntun sí i.

Ní ti ìpadàbọ̀, ẹ má padà sí Cambridge. Láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ sábà máa ń fẹ́ lọ́hùn-ún, Wicken sì wà ní àríwá ìlà-oòrùn Cambridge, nítorí náà á tì yín lẹ́yìn ní àlọ, á sì dojú kọ yín ní àbọ̀, láìsí òkè tàbí igbó tí yóò dá a dúró. Ẹ máa bá a lọ sí Ely, kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀. Afárá Reach Lode tí wọ́n ṣí ní 2010 ṣeé gùn kọjá, ṣùgbọ́n ti Burwell Lode, àtẹ̀gùn ni, ó sì ga. Ẹ tú ẹrù kúrò lára kẹ̀kẹ́ ọmọ kí ẹ tó gbé e.

Bàbá Ẹ̀bá-Irà:
Ọmọ Ṣàgámù, mo gbà; bí kò bá gba drove, kó fi owó táyà ra iná tó mọ́lẹ̀, torí ilẹ̀ á ti ṣú kí aago mẹ́fà tó lù. Kí ẹ lọ ní ọjọ́ Sátidé, Àdìó, nítorí láàárín ọ̀sẹ̀, ọkọ̀ ojú irin kì í gba kẹ̀kẹ́ tí kò ṣeé ká ní àkókò tí èrò iṣẹ́ ń lọ tí wọ́n sì ń bọ̀.