Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìṣeré rí, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

ÀkọbíÌyá
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ ní ọgbà ìgbafẹ́ rí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró ti roller coaster, ọkọ̀ eré tó ń sáré lórí irin gíga, àti àwọn ẹ̀rọ tó ń fì ènìyàn lókè, ẹ wá sọ tiyín. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Èmi ni mò ń ti irin àyà mọ́ àwọn èrò lára, màá fà á wò lẹ́ẹ̀mejì kí n tó na àtàǹpàkò sí ẹni tó wà nídìí bọ́tìnnì. Iṣẹ́ náà wù mí gan-an.

Lọ́dún kejì ni ẹnì kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ náà kú. Fóònù obìnrin kan ló já bọ́ sábẹ́ irin. Obìnrin náà ń sunkún pé fọ́tò ìyá òun tó ti kú wà nínú ẹ̀. Ẹnì kejì mi sì láàánú. Ó ní òun á sáré wọlé, òun á jáde kí ọkọ̀ tó yípo dé. Ó ti ṣe é rí. Gbogbo wa la ti ṣe é rí. Irú ọkọ̀ tí àga rẹ̀ ń rọ̀ sábẹ́ irin ni, tí ẹsẹ̀ àwọn èrò ń fì dirodiro. Mi ò gbọ́ igbe ẹ̀ rárá. Ìgbà tí ọkọ̀ padà dé ni mo rí ọmọkùnrin kan ní ìjókòó iwájú tó ń ké pé ẹsẹ̀ òun, ẹsẹ̀ òun, a ò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń sọ.

Ó di ọdún mẹ́sàn-án báyìí. Mi ò sọ ọ́ fún ẹni tí mi ò mọ̀ rí.

Ajíṣafẹ́
Hà. Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, bó ti wù kó pẹ́ tó.

Òǹwòye
Ẹ má bínú sí mi, àmọ́ kí ló dé tí kò ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ ná? Wọ́n kúkú kọ ọ́ sára ọgbà yẹn pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọbẹ̀. Ẹni tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wọ ibi tí wọ́n ní kó má wọ̀, kí ni ilé iṣẹ́ fẹ́ ṣe fún un?

ÀkọbíÌyá
@Òǹwòye, ìlà tó tò lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá á dúró fún wákàtí kan àbọ̀ kó tó kàn án. Bá a bá pa ẹ̀rọ, ọ̀gá á fi rédíò béèrè lójú ẹsẹ̀ pé kí ló dá wa dúró. Iye ìgbà tí ọkọ̀ bá gbéra láàárín wákàtí kan, wọ́n ń kọ ọ́ sára pátákó nínú yàrá ìsinmi, tiwa àti ti àwọn tó ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa rí pé ká má pa á o. Wọ́n kàn máa ń béèrè ni.

TẹBọ́tìnnì
"Wọ́n kàn máa ń béèrè ni." Mo ka gbólóhùn yẹn, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo rìn yí ilé ká kí n tó padà wá. Màá sọ tèmi tó bá yá.

Bọ̀dáMẹkáníìkì
Àbúrò, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń tún àwọn ẹ̀rọ yìí ṣe. Ohun tí mo fẹ́ sọ gùn díẹ̀, ẹ gbà mí láyè.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débi iṣẹ́, ọ̀gá tó kọ́ mi fún mi ní àgádágodo pupa kan tó ní kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo. Ó ní, "Kó o tó kiwọ́ bọ inú ẹ̀rọ, pa iná ẹ̀ láti orísun, fi èyí tì í, kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ. Bá a bá jẹ́ mẹ́fà tá a wọlé, àgádágodo mẹ́fà ló máa wà lẹ́nu ẹ̀. Títí ẹni kẹfà fi máa jáde kó ṣí tirẹ̀, kò sí ọ̀gá tó lè tan iná yẹn." Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin ni. Àjọ OSHA tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ ló gbé e jáde lọ́dún 1989. Kọ́kọ́rọ́ tèmi yìí, ìyàwó mi ti fọ ọ́ mọ́ ṣòkòtò títí ó fi ń dán bíi fàdákà.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, iná kíkú nìkan kò tó. Ẹ̀rọ tó bá ti wà lókè, ìwọ̀n ara ẹ̀ nìkan lè pààyàn. Ọkọ̀ tó dúró sí ṣóńṣó irin ò nílò iná kó tó sọ̀ kalẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n há mọ́nú páìpù bíréèkì náà ṣì wà níbẹ̀. Mo ti rí irin tó mira lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú tá a ti paná. Ìdí nìyẹn tá a fi ń fi ọ̀pá gbé e ró, tá a ń tú afẹ́fẹ́ dànù, tá a sì tún ń tẹ bọ́tìnnì wò bóyá á dáhùn. Ní 21 oṣù kẹrin 2025, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 24 kan tó ń bá wọn yẹ ẹ̀rọ wò ní ọgbà ìgbafẹ́ Tokyo Dome City ní Japan kú bẹ́ẹ̀. Ó há mọ́ ẹ̀rọ náà láyà. Ọmọ ọdún 24!

Ẹnì kejì yín yẹn, kò sẹ́ni tó fún un ní àgádágodo torí wọn ò pè é ní mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọ abẹ́ irin lọ mú fóònù, inú ẹ̀rọ ló wọ̀ yẹn.

Lánre_abẹ́_irin
Ẹ gbà mí láyè, èmi náà ti wọlé lọ mú fìlà rí. Fìlà lásán o! Ara mi bù máṣọ bí mo ṣe ń kà á yìí.

Ajíṣafẹ́
Èmi, jígí ojú.

Moremí_k
Èmi, bàtà ọmọdé kan. Ẹsẹ̀ kan.

TẹBọ́tìnnì
Ó dáa. Tèmi rèé.

Èmi ni mo jókòó nídìí bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ tó ń gbé àga yí òpó kan ká ni, tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń yí. Ènìyàn méjì ló ń yẹ bẹ́líìtì wò, àtàǹpàkò méjì ni mo gbọ́dọ̀ rí kí n tó tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, wọ́n fi ọmọ tuntun kan kún wọn kó lè kọ́ṣẹ́, wọ́n di mẹ́ta. Mo rí àtàǹpàkò méjì. Mo tẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà wà lẹ́yìn òpó, ó ń tún bẹ́líìtì ọmọdé kan dì torí ó rí i pé kò le dáadáa. Ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ ni. Ó di àga mú, ẹ̀rọ gbé e kúrò nílẹ̀, nígbà tí mo máa fi rí ẹsẹ̀ ẹ̀ lófuurufú, ó ti ga ju òrùlé yàrá mi lọ. Mo lu bọ́tìnnì pupa. Ẹ̀rọ náà kì í dúró lójijì, wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kó má bàa ṣe àwọn èrò lọ́ṣẹ́. Ó já bọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin ló lò ní ilé ìwòsàn kó tó kú. Mo lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, mi ò lè wọlé. Ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ni mò ń jókòó.

Moremí_k
Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀bi yín kọ́.

Lánre_abẹ́_irin
Ẹ̀bi yín kọ́ rárá. Ènìyàn mẹ́ta, àtàǹpàkò méjì. Ta ló ṣírò ìyẹn?

Òǹwòye
Ìbéèrè ni mo fẹ́ bi yín o, mi ò fi ṣe èébú. Ṣé láti ibi tẹ́ ẹ jókòó sí, ẹ lè rí ẹ̀yìn òpó yẹn?

TẹBọ́tìnnì
Rárá. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ẹ̀sùn ni pé mi ò wo ẹ̀yìn òpó kí n tó tẹ bọ́tìnnì. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ẹnì kan tá a jọ ṣiṣẹ́ sọ fún mi pé wọ́n ti gbé dígí ńlá kan kọ́ síbẹ̀, kí ẹni tó bá jókòó sí àga yẹn lè máa rí ẹ̀yìn òpó.

Òǹwòye
Dígí.

Mo gba ọ̀rọ̀ tí mo sọ lókè yẹn padà. ÀkọbíÌyá, ẹ má bínú.

ÀkọbíÌyá
Kò sí ìbínú.

Akọ̀wéÀtijọ́
Ọ̀rọ̀ pé ìgbà tí ẹnì kan bá ti kú tán ni wọ́n máa ń tún ibẹ̀ ṣe yìí, ó ti pẹ́. Ní Disneyland ti California, wọ́n ṣí gbọ̀ngàn eré kan tí wọ́n ń pè ní America Sings ní 29 oṣù kẹfà 1974. Àwọn èrò jókòó, gbọ̀ngàn fúnra rẹ̀ ló ń yí lọ láti orí ìtàgé kan dé òmíràn. Ní 8 oṣù keje, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré lẹ́yìn ìṣíde, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 18 tó ń kí àwọn èrò káàbọ̀ há sáàárín ògiri tó ń yí àti èyí tó dúró, ó sì kú. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n fi iná ìkìlọ̀ sí i, tí wọ́n sì pààrọ̀ ògiri náà sí èyí tó lè já kúrò bí nǹkan bá há sí i.

Ní 5 oṣù keje 2009, ní Walt Disney World ní Florida, nǹkan bí aago méjì òru, monorail kan, ọkọ̀ èrò tó ń rìn lórí irin kan ṣoṣo, fẹ̀yìn rìn lọ kọ lu èkejì. Awakọ̀ ẹni ọdún 21 tó wà nínú èyí tí wọ́n kọ lù ló kú. Wọ́n rò pé irin tó yẹ kó yà sí ọ̀nà kejì ti yà. Kò tíì yà. Àjọ NTSB, tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, ní ẹni tó pàṣẹ kí ọkọ̀ fẹ̀yìn rìn kò fìdí ẹ̀ múlẹ̀ kó tó pàṣẹ.

Bọ̀dáMẹkáníìkì
Ẹ wò ó! Ọ̀rọ̀ ẹnu lórí rédíò! Ìdí tí mo fi ń pariwo àgádágodo látàárọ̀ nìyẹn. Ẹnì kan gbọ́ "ó ti yà," ẹnì kan sọ "máa bọ̀."

Kọ́lá_ọ̀nà
Akọ̀wé, ẹ má bínú, monorail kì í ṣe ẹ̀rọ ìṣeré. Ọkọ̀ èrò ni. Ẹ má pa á pọ̀.

Akọ̀wéÀtijọ́
Inú ọgbà ìgbafẹ́ ló wà, òṣìṣẹ́ ọgbà ló kú. Kí ni ìyàtọ̀ fún ìyá ẹ̀?

Kọ́lá_ọ̀nà
Ìyàtọ̀ wà nínú òfin ni mo ń wí. Láti 1981, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò ní àṣẹ lórí ẹ̀rọ ìṣeré tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ sójú kan. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀. NTSB lè yẹ ìjàǹbá monorail wò torí ọkọ̀ ló jẹ́.

Lánre_abẹ́_irin
Àmọ́ OSHA tí Bọ̀dá sọ, ti ìjọba àpapọ̀ náà kọ́ ni?

Kọ́lá_ọ̀nà
Òun ni, ti òṣìṣẹ́ nìyẹn. Ààbò àwọn èrò kò sí lọ́wọ́ ẹ̀.

Ajíṣafẹ́
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀ ná.

ÀbúròRẹ̀
Mi ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ṣe é, mẹkáníìkì ni. Wọ́n ní ó ń fi gíríìsì sí ìdí ẹ̀rọ kan láàárọ̀ kùtù kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, ẹnì kan tó wà lókè sì tan ẹ̀rọ láti dán an wò, kò mọ̀ pé ènìyàn wà nísàlẹ̀. Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n ti ẹ̀rọ yẹn pa. Àwọn tó kù, wọ́n ṣí wọn lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n kó ẹrù ẹ̀ wá sílé nínú páálí kan. Aṣọ iṣẹ́ méjì, ife tíì ẹ̀, bàtà. Àgádágodo pupa kan wà níbẹ̀. Ó ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi tà á, kọ́kọ́rọ́ wà lára ẹ̀. Láti ọdún yẹn, mi ò mọ ohun tó wà fún. Mo rò pé ó fẹ́ fi ti páálí ni. Ìgbà tí mo ka ohun tí Bọ̀dá kọ lókè yìí ni mo tó mọ̀.

Bọ̀dáMẹkáníìkì
Ọlọ́run mi o.

TẹBọ́tìnnì
Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹnì kan wà lọ́dọ̀ yín lálẹ́ yìí?

ÀbúròRẹ̀
Ọkọ mi wà ńbí. Mo ti fi hàn án. Ẹ ṣeun, mà.

Bọ̀dáMẹkáníìkì
Àbúrò mi, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún yín. Bí àgádágodo bá ṣì wà nínú ọ̀rá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n pín in fún wọn lásán, wọn ò kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó, tàbí kó jẹ́ pé ẹ̀rọ yẹn ò ní ojú ibi tí wọ́n lè fi í sí. Mo ti ṣiṣẹ́ níbi tó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀lẹ ni ẹ̀gbọ́n yín.

Tómi_tuntun
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí. Kí ni kí n béèrè lọ́wọ́ wọn?

Bọ̀dáMẹkáníìkì
Ní kí wọ́n fi ibi tí o ò gbọdọ̀ dúró sí hàn ẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń rìn. Kí wọ́n mú ẹ débẹ̀, kó o fojú rí i. Tí wọ́n bá ní ó wà nínú ìwé, ní kí wọ́n ṣì mú ẹ lọ.

Moremí_k
Kó o sì béèrè ẹni tó láṣẹ láti dá ẹ̀rọ dúró. Tí ìdáhùn ò bá jẹ́ "ìwọ náà," wá sọ fún wa.

TẹBọ́tìnnì
ÀkọbíÌyá, mo ti fẹ́ bi yín látàárọ̀. Fóònù yẹn ńkọ́?

ÀkọbíÌyá
Ọwọ́ ẹ̀ ló wà nígbà tí wọ́n gbé e jáde. Ó ti mú un, ó ti ń padà bọ̀. Àwọn ọlọ́pàá gbà á, wọ́n tọ́jú ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì dá a padà fún obìnrin náà. Ó wá síbi ìsìnkú. Ẹ̀yìn ló jókòó sí, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ìyá ẹnì kejì mi ló dìde lọ bá a, wọ́n jókòó pọ̀ títí wọ́n fi parí ètò. Mi ò mọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ.