Ẹ gbà mí o: kọ̀ǹpútà ń kọ "ọmọọọọọ", sikirínì ń ṣú fúnra rẹ̀, terminal ò sì gbà

Ọmọ Mákun (olùbéèrè)
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, inú ló ń bí mi.

Oṣù tó kọjá ni mo gbé kọ̀ǹpútà kan lọ fún ọmọkùnrin kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kó bá mi fi Linux sí i, torí Windows tó wà níbẹ̀ ti ń wọ́ bí ìgbín. Ọmọ náà gba owó iṣẹ́, ó gba owó ọkọ̀, ó tún mu mínírà méjì lórí owó mi. Ó ní Linux Mint lòun fi sí i, pé "ó máa fò". Òótọ́ ni, ó ń fò. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti gbádùn. Mo pè é, kò gbé e. Mo fi nọ́ńbà ìyàwó mi pè é, ó gbé e, ó gbọ́ ohùn mi, ló bá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Tí èèyàn bá fọwọ́ kúrò lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, sikirínì á ṣú biribiri. Lẹ́tà ń tún ara rẹ̀ tẹ̀: "ọmọ" lèèyàn fẹ́ kọ, "ọmọọọọọ" ló ń rí. Tó bá wá ń pa á rẹ́, tó pa á dé ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, kọ̀ǹpútà á ké "píì!" bí eku tí ilẹ̀kùn há mọ́. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tí mo tò sí i, gbogbo ìgbà tí Nẹpa bá mú iná lọ tá a tún un tàn, ó ti pòórá.

Wọ́n ní kí n lo terminal, ojú ibi tí èèyàn ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Mo kọ `xset s off` tí wọ́n ní kì í jẹ́ kí sikirínì ṣú. Èsì tó fún mi ni:

`xset:  unable to open display ""`

Display wo ni kò rí? Ó wà níbẹ̀, ó ń tàn! Mo fi sudo (àṣẹ ọ̀gá) ṣíwájú rẹ̀, ibi tó wà náà ló wà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ẹ má sọ pé kí n padà sí Windows o.

Ìyá Ìbejì Òkè-Àjé
Padà sí Windows.

Káyọ̀dé Terminal
Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ kọ èyí kí ẹ sọ ohun tó bá jáde fún wa: `echo $XDG_SESSION_TYPE`. Wayland àti x11 (tàbí X) ni ọ̀nà méjì tí Linux ń gbà gbé àwòrán sórí sikirínì. Tó bá jẹ́ wayland, xset ò lè ṣe nǹkan kan fún yín. Tó bá jẹ́ x11, ọ̀nà wà. Ojú tábìlì Mint yín ńkọ́, ṣé Cinnamon ni àbí XFCE?

Alhaji Ìjẹ̀bú-Igbó
Kíbọ́ọ̀dù ló ti kú, ẹ má da ara yín láàmú. Tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún tó kọjá. Ọmọ mi àbúrò ló ń mu gaàrí nídìí kọ̀ǹpútà, ìyẹn tó kan dáadáa yẹn, pẹ̀lú omi tútù, ṣúgà àti ẹ̀pà. Ló bá dà á sórí kíbọ́ọ̀dù. A nù ún, a sá a sóòrùn, ṣúgà ò jáde. Bọ́tìnì A á wọlé, kò ní jáde mọ́, ńṣe ni "aaaaaa" á kún ojú ìwé. Mo kọ́kọ́ nà án, ẹ̀yìn náà ni mo wá rántí pé èmi ni mo po gaàrí yẹn fún un. Ẹ ra òmíràn.

Ọmọ Mákun (olùbéèrè)
Alhaji, kò sẹ́ni tó da gaàrí sí tèmi. Kíbọ́ọ̀dù náà ò tíì pé oṣù mẹ́ta. Tí mo bá fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́, ó ń ṣe dáadáa. Nípa ti ọmọkùnrin yẹn, mo tún pè é ní àárọ̀ yìí.

Adé Ìkẹ́nnẹ́
Ẹ fi Káyọ̀dé sílẹ̀ pẹ̀lú Wayland rẹ̀. Ẹ kọ àwọn yìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan:

`xset s off`
`xset -dpms`
`xset b off`

Ti àkọ́kọ́ ń pa ìbòjú tí X fúnra rẹ̀ máa ń gbé wá. Èkejì ń sọ fún mọnítọ̀ pé kó má sùn. Méjèèjì lẹ máa pa o! Ọ̀pọ̀ èèyàn ń pa ọ̀kan, sikirínì ṣì ń ṣú, wọ́n á wá máa bú Linux. Ẹ̀kẹta ló ń pa "píì" yẹn lẹ́nu mọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo bí gbogbo rẹ̀ ṣe wà, `xset q`.

Káyọ̀dé Terminal
Adé, ẹni tó ní xset ò rí display, àwọn xset mẹ́ta mìíràn lo tún fún un. Ṣé àwọn yẹn ló máa wá rí i? Ubuntu (irú Linux mìíràn) tó ń lo ojú tábìlì GNOME, láti 21.04 ni Wayland ti di ohun tó ń kọ́kọ́ gbé wá. Mo ní láti béèrè ni.

Adé Ìkẹ́nnẹ́
Mint ló ní òun ń lò, ṣé Mint ni Ubuntu? Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú, ẹ ò kì í gbọ́rọ̀ tán kẹ́ ẹ tó fèsì.

Káyọ̀dé Terminal
Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ náà, ẹ ò kì í ka ìbéèrè tán. Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, kí ni echo yẹn sọ?

Ọmọ Mákun (olùbéèrè)
Ó ní tty.

Káyọ̀dé Terminal
tty? Terminal lásán nìyẹn, kò sí sikirínì níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ jókòó sí? Ṣé iwájú kọ̀ǹpútà yẹn lẹ wà?

Ọmọ Mákun (olùbéèrè)
Kí ló kàn yín nípa ibi tí mo jókòó sí? Àṣẹ ni mo béèrè, mi ò béèrè àga.

Ìyá Ìbejì Òkè-Àjé
Wò ó, ọmọ yìí ń fi nǹkan pa mọ́. Ẹni tó ní "tí mo bá fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́", ọwọ́ ta ló wá ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tí kò ṣe dáadáa?

Ọmọ Mákun (olùbéèrè)
Ó dáa. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ ni.

Yàrá Bàbá mi ni kọ̀ǹpútà yẹn wà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ní Ṣàgámù níbí. Èmi wà nínú ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, fóònù ni mo fi ń SSH (ìyẹn kí èèyàn máa kọ àṣẹ sí kọ̀ǹpútà láti ibòmíràn) wọ inú rẹ̀, torí Wi-Fi kan náà la jọ ń lò. Bàbá ti pé ọdún 82. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ìtàn ìdílé wa ni wọ́n ń kọ. Ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n. Tí wọ́n bá tẹ lẹ́tà kan, ìka wọn kì í tètè kúrò lórí rẹ̀. Tí wọ́n bá sì kọ ìlà kan tán, wọ́n á yí ojú sí fèrèsé, wọ́n á máa wá orúkọ ìyá ẹnì kan nínú ọpọlọ wọn. Kí wọ́n tó rántí rẹ̀, sikirínì ti ṣú. Wọ́n gbà pé àwọn làwọn bà á jẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n fi ìró ìyá mi àtijọ́ bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n ní àwọn ò kọ mọ́.

Mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé nítorí ọwọ́ wọn ni mo ṣe ń tún un ṣe. Ìdí tí mo fi wà nísàlẹ̀ nìyẹn.

Alhaji Ìjẹ̀bú-Igbó
Áà. Ẹ má ra kíbọ́ọ̀dù mọ́.

Káyọ̀dé Terminal
Ẹ̀gbọ́n, ká ní ẹ ti sọ èyí láti àárọ̀ ni. Ẹni tó bá gba SSH wọlé, kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé ó fẹ́ fọwọ́ kan sikirínì tó wà nílé. Ẹ̀yin lẹ máa tọ́ka sí i. sudo ò kan ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ẹ kọ́kọ́ kọ:

`export DISPLAY=:0`

lẹ́yìn náà kí ẹ kọ mẹ́ta tí Adé kọ (mo gbà, Adé, wọ́n dára).

Ti ọwọ́ Bàbá wá kù. Adé á ní kẹ́ ẹ kọ `xset r off`. Ẹ má kọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́, Backspace náà ò ní máa sáré pa nǹkan rẹ́ mọ́, Bàbá á máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Èyí ni kẹ́ ẹ kọ:

`for k in $(seq 24 33) $(seq 38 46) $(seq 52 58); do xset -r $k; done`

Nọ́ńbà bọ́tìnì nìyẹn, ìlà lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. 26 ni e, 32 ni o. Lẹ́tà kan ò ní tún ara rẹ̀ tẹ̀ mọ́, Bàbá ì báà gbé ìka lé e títí ilẹ̀ á fi ṣú. Backspace ni 22, a ò fọwọ́ kàn án.

Adé Ìkẹ́nnẹ́
Mi ò tiẹ̀ ní kọ `xset r off`, o kàn ń fi mí sọ̀rọ̀ ni. `xset r rate 800 15` ni mo fẹ́ kọ: kó dúró fún 800 millisecond kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún lẹ́tà tẹ̀, kó sì máa rọra tún un tẹ̀. Àmọ́ ti Káyọ̀dé dára jù fún Bàbá. Ẹ ṣáà fi í sí ẹ̀yìn ìlà kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, kó má baà pa á rẹ́:

`setxkbmap -layout us,ng -variant ,yoruba -option grp:alt_shift_toggle`

Alt àti Shift ni Bàbá á fi máa yí láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. Ẹ kó gbogbo ìlà yìí sínú fáìlì `.xprofile` nínú fódà home Bàbá, yàtọ̀ sí ìlà export. Ìgbàkúùgbà tí iná bá dé tí wọ́n bá wọlé, wọ́n á bá a níbẹ̀. Tó bá jẹ́ XFCE, ẹ yẹ Power Manager rẹ̀ wò náà, òun pẹ̀lú ní ìṣẹ́jú tiẹ̀ tó fi ń pa sikirínì.

Ọmọ Mákun (olùbéèrè)
XFCE ni. Mo kọ ọ́, ó wá ní "Authorization required". Èwo tún ni?

Káyọ̀dé Terminal
Orúkọ ta lẹ fi SSH wọlé?

Ọmọ Mákun (olùbéèrè)
Tèmi. Ọmọkùnrin yẹn ṣí àkáùǹtì méjì.

Káyọ̀dé Terminal
Ti Bàbá ni kẹ́ ẹ fi wọlé. Sikirínì wọn ni, kò mọ̀ yín rí.

Ìyá Ìbejì Òkè-Àjé
Kọ̀ǹpútà gan-an ti ń sọ ohun tí mo fẹ́ sọ. O wà nísàlẹ̀, ò ń yọ́ wọ yàrá bàbá ẹ látinú fóònù, o ní o ò fẹ́ kójú tì wọ́n. Ẹni ọdún 82 tó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí, ṣé wọn ò mọ̀ pé ọwọ́ àwọn ń gbọ̀n ni? Èmi ni mo tún lẹ́tà fóònù ìyá mi ṣe kó tóbi, láì sọ fún wọn. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run lé ohun tó wọ fóònù àwọn jáde. Gòkè lọ.

Ọmọ Mákun (olùbéèrè)
Mà, mo gbọ́.

Ọmọ Mákun (olùbéèrè)
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gòkè lọ lálẹ́ àná. Mo ní kí wọ́n fún mi ní páásíwọ̀ọ̀dù wọn, wọ́n na ìka sí ẹ̀gbẹ́ mọnítọ̀: wọ́n ti kọ ọ́ sórí bébà, wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Mo jókòó tì wọ́n, mo kọ gbogbo rẹ̀ lójú wọn, mo sọ ohun tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Nígbà tí mo dé ìlà `for`, mo ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́. Wọ́n ní, "Ti ọwọ́ mi nìyẹn, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n ní kí n tẹ̀ síwájú.

Wọ́n kọ "ọmọ". Ó jáde ní "ọmọ". Wọ́n kọ ọ́ bíi ìgbà mẹ́fà. Wọ́n wo fèrèsé títí, mo fi aago sí i, ó lé ní ogún ìṣẹ́jú, sikirínì ò ṣú.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Wọ́n pe mí láàárọ̀ yìí, ohùn líle: "Ta ló gbé píì mi lọ?" Wọ́n ní ojú àwọn ò ríran dáadáa mọ́, píì yẹn ló ń sọ fún àwọn pé àwọn ti pa ìlà rẹ́ tán. Báwo ni mo ṣe máa dá a padà, àmọ́ kó rọra ké?

Adé Ìkẹ́nnẹ́
`xset b 30 400 80`. Ìwọ̀n 30 nínú 100, ariwo rẹ̀ á dínkù, kò sì ní pẹ́. Ẹ pààrọ̀ `xset b off` tó wà nínú `.xprofile` sí i.

Ọmọ Mákun (olùbéèrè)
Mo ti wà lókè lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní kí n fi sí 40.