Físà tí mo mú wọ Faransé lẹ́yìn ìgbéyàwó, àti ohun tójú mi rí lọ́dún àkọ́kọ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn tó bá ọkọ tàbí ìyàwó wọn lọ sí London àti Amẹ́ríkà ló ń sọ ìrírí wọn jù, èmi Faransé ni mo wà, òfin tibí sì yàtọ̀ pátápátá, ìyẹn ni mo fi ní kí n sọ tèmi kí ẹlòmíì má baà kó sínú ohun tí mo kó sí. Ọmọ Faransé ni ọkọ mi, mo ti lé lọ́dún mẹ́ta níbí. Ọdún àkọ́kọ́ yẹn, mo sunkún gan-an, kì í sì í ṣe ọkọ mi ló pa mí lẹ́kún o, èèyàn dáadáa ni, físà tí mo mú wọ̀lú ni.

December 2021 la ṣègbéyàwó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ọkọ mi rí gbà lẹ́nu iṣẹ́, bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní Ìkẹjà báyìí kìràkìtà bẹ̀rẹ̀, Thursday rẹ́jísìrì ní Ìkòyí, Saturday ìdána nílé bàbá mi l'Ábẹ́òkúta, ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú agbádá, gbogbo ẹbí ń pariwo, inú mi dùn débi pé mi ò rántí béèrè nǹkan kan. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa ni pé kí ọmọ Faransé tó gbéyàwó nílẹ̀ òkèèrè, ó yẹ kó kọ́kọ́ gba ìwé kan ní kọ́ńsúléètì wọn, certificat de capacité à mariage lorúkọ ẹ̀. Wọ́n á lẹ orúkọ ẹ̀yin méjèèjì síta fún ọjọ́ 10 kí ẹni tó bá mọ nǹkan tó lòdì sí i lè sọ̀rọ̀, wọ́n sì lè pè yín lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n bi yín bẹ́ ẹ ṣe pàdé, ta ló kọ́kọ́ kọnu sí ta, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti gba ìwé yẹn ṣáájú ìgbéyàwó, kò ní pẹ́ kí wọ́n tó kọ ìgbéyàwó yín sínú ìwé ìjọba tiwọn, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní transcription. Tẹ́ ẹ ò bá gbà á, wọ́n ṣì lè kọ ọ́, àmọ́ wọ́n á tú u wò fínnífínní, ẹ sì máa dúró. Àwa ò gbà á. Ọkọ mi tó jẹ́ ọmọ ìlú wọn gan-an ò mọ̀ pé ó wà.

Ìwé transcription yẹn sì ni wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ yín tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba físà ìyàwó, èyí tí wọ́n ń pè ní conjoint de Français. Láìsí i, kò sí físà ìyàwó.

Nígbà tó di March, ọkọ mi ti padà síbi iṣẹ́ ẹ̀, èmi wà ní Ṣómólú, àárò ń sọ mí bí ẹni tí ibà ń ṣe, la bá gba ọ̀dọ̀ ẹ́jẹ́ńtì kan lọ. Ó ní kí n gba físà ọjọ́ 90, ti Schengen lásán, ìyẹn físà ìbẹ̀wò sí Yúróòpù, pé tí mo bá ti débẹ̀ ọkọ mi á bá mi yí i padà. Ẹ gbọ́ o, ibi tí wọ́n ti ń mú ọ̀pọ̀ nínú wa nìyí. Òfin Faransé fàyè gba kéèyàn wọlé pẹ̀lú físà kékeré lọ́nà tó tọ́ kó sì gba káàdì ìgbélùú láìpadà sílé, àmọ́ ẹni tó ṣègbéyàwó lórí ilẹ̀ Faransé fúnra ẹ̀ tó sì ti bá ọkọ tàbí ìyàwó ẹ̀ gbé níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà gbáko ni wọ́n sọ ọ́ fún. Èmi ti ṣe tèmi ní Ìkòyí! Tí mo bá gbọ́ ti ẹ́jẹ́ńtì yẹn, ọjọ́ kọkànléláàádọ́rùn-ún mo ti di aláìníwèé nílé ọkọ mi. Ọ̀rẹ́ mi kan tó wà ní Lyon gba ọ̀nà oṣù mẹ́fà yẹn, mairie ibẹ̀, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ló so wọ́n pọ̀, ó sì rí káàdì gbà lẹ́yìn ẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé kí ìwé tó bọ́ sí i lọ́wọ́, tóun bá ti rí ọlọ́pàá nínú tíréènì ṣe ni ikùn òun máa ń dà rú.

Ọkọ mi ló wá rí èyí tí wọ́n ń pè ní visiteur, ìyẹn físà àlejò, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Físà ọlọ́dún kan ni, wọn ò béèrè transcription. Ohun tí wọ́n béèrè ni inṣọ́ránsì ìlera fún odindi ọdún, ìwé báńkì ọkọ mi láti fi hàn pé owó tó ń wọlé tó owó oṣù tó kéré jù lọ lọ́dọ̀ wọn, ó lé ní 1,200 Yúrò lóṣù nígbà yẹn, owó físà jẹ́ 99 Yúrò, àti lẹ́tà kan tí mo máa fọwọ́ sí. Lẹ́tà yẹn ni kẹ́ ẹ fetí sí. Ìlà mẹ́ta péré, ó ní mo ṣèlérí pé mi ò ní ṣe iṣẹ́ kankan tó ń mówó wá ní Faransé. Mo fọwọ́ sí i kíá. Mo ti rán aṣọ fún ọdún mọ́kànlá, mo ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta, mo fọwọ́ sí i pé mi ò ní ṣiṣẹ́ torí ọkọ mi ni mo ń rí lọ́kàn, mi ò rí ara mi.

June 2022 mo dé. Láàárín oṣù mẹ́ta téèyàn bá dé ó gbọ́dọ̀ fìdí físà ẹ̀ múlẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó sì san owó òǹtẹ̀ ìjọba, 200 Yúrò nígbà tèmi, a ṣe ìyẹn ní ọ̀sẹ̀ kejì. Lẹ́yìn náà ni ilé wá dákẹ́. Ọkọ mi á jáde ní aago méje, mi ò gbédè, visiteur ò sì sí lára àwọn tí ìjọba ń kọ́ lédè lọ́fẹ̀ẹ́, a ní ká sanwó kíláàsì, owó ẹ̀ pọ̀ ju ohun tá a ní lọ. Ó ra máṣíìnì kékeré kan fún mi kí ọwọ́ mi má baà dilẹ̀. Obìnrin ará Kamẹrúùnù kan ń gbé nísàlẹ̀ wa, ó gbọ́ ìró máṣíìnì, ó gbé áńkárá yáàdì mẹ́rin wá, ọmọ ẹ̀ fẹ́ gba Ara Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rán an. Mo fi ọjọ́ méjì rán aṣọ yẹn, mo ṣe fìrìlì sí etí ẹ̀, mo fi ọwọ́ lásán gán ìdí ẹ̀ kí okùn má hàn síta, ọmọ náà wọ̀ ọ́, ó ń yí po ní pálọ̀. Nígbà tí wọ́n lọ mo gbé ife tíì tí ìyá ẹ̀ mu, mo rí 40 Yúrò lábẹ́ ẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin.

Mo dúró ti tábìlì yẹn, mi ò mọ iye ìṣẹ́jú. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dá a padà. Ó rò pé ó kéré ni, ó tún fẹ́ fi 10 lé e, mi ò sì ní Faransé tí mo lè fi ṣàlàyé fún un pé ìwé mi ló ní kí n má gbà á. Ọjọ́ yẹn náà ni mo ní láti sọ fún ọkọ mi pé kó fún mi lówó pádì. Látìgbà tí mo ti pé ọmọ ogún ọdún, mi ò tọrọ owó pádì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ti orúkọ, torí ó máa ń dun àwọn obìnrin. Lẹ́yìn ìgbéyàwó mo ti sáré yí páṣípọ́ọ̀tì mi sí orúkọ ọkọ. Ní Faransé, orúkọ tí wọ́n bí ẹ sí ni wọ́n á máa pè ẹ́ nínú ìwé ìjọba títí ayé, tọkọ kàn ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni. Ìwé ìbí tí mo gbà lọ́wọ́ National Population Commission ń sọ orúkọ kan, páṣípọ́ọ̀tì ń sọ òmíì, ọ́fíìsì kan dá fáìlì mi padà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ fi páṣípọ́ọ̀tì yín sílẹ̀ bó ṣe wà.

February 2023 ni transcription jáde, wọ́n fún wa ní livret de famille, ìwé ìdílé tiwọn. Oore kan ṣoṣo tí físà visiteur ṣe mí nìyí: físà ọlọ́jọ́ gígùn lòun náà, torí náà mo lè bẹ̀bẹ̀ fún ìwé ìyàwó láti ibí láìpadà sí Nàìjíríà. June, ó pé ọdún kan géérégé tí mo dé, wọ́n fún mi ní ìwé ìdúródè, èyí téèyàn ń lò títí káàdì á fi jáde, wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé mo láṣẹ láti ṣiṣẹ́. Wọ́n pè mí fún ìdánwò èdè, wọ́n fún mi ní wákàtí ẹ̀kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ àti ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n fi kọ́ wa nípa òfin àti ìgbé ayé ìlú wọn. Mo forúkọ sílẹ̀ láti máa tún aṣọ ṣe. Obìnrin ìsàlẹ̀ yẹn ni oníbàárà mi àkọ́kọ́, mo sì gba owó ẹ̀.

Nígbà tí mo wá ka òfin dáadáa ni mo rí i pé físà ìyàwó tí mo sá fún yẹn, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, wọn ò gba owó físà lọ́wọ́ ìyàwó tàbí ọkọ ọmọ Faransé, ibi tẹ́ ẹ ti ń fi ìwé sílẹ̀ nìkan ló ń gba owó iṣẹ́ tiẹ̀. Wọn ò sì lè kọ̀ ọ́ àfi tí jìbìtì bá wà níbẹ̀, tàbí tí wọ́n bá ti fagi lé ìgbéyàwó náà, tàbí tẹ́ni náà bá léwu fún ìlú. Ọjọ́ kejì téèyàn bá dé pẹ̀lú ẹ̀ ó lè lọ wáṣẹ́. Ká ní mo mọ̀, ǹ bá dúró ní Ṣómólú títí di February, ṣọ́ọ̀bù mi ì bá ṣì wà ní ṣíṣí, ì bá kàn pẹ́ díẹ̀ sí i kí ojú mi tó rí ọkọ mi ni. Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì mú ọjọ́ ìgbéyàwó, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ físà yín ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, kí ẹ tó sanwó gbọ̀ngàn, kí ẹ tó pín aṣọ ẹbí.

Ọmọ àbúrò bàbá mi kan wà ní Kútọnu, ọmọ Faransé lòun náà fẹ́ fẹ́. December ni wọ́n fẹ́ ṣe é tẹ́lẹ̀. Mo pè é, mo sọ gbogbo èyí fún un, wọ́n ti mú ìwé wọn lọ sí kọ́ńsúléètì báyìí, wọ́n sì ti sún ìgbéyàwó sí April. Lánàá ó ní ìyá òun ò bá òun sọ̀rọ̀ mọ́ torí pé ó ti ra aṣọ. Mo ní kó gbé fóònù fún màmá, a sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan ààbọ̀, nígbà tó yá wọ́n ní ó dáa, pé kí n rí i dájú pé mo wá fún April, èmi ni màá rán ti ìyàwó.