Ìdò tí kò tanná: àbọ̀ rèé o

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ará tí ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mo bèèrè ìdí tí ìdò mi (òdòdó tí òyìnbó ń pè ní canna) kò fi tanná. Ìdò náà tó ń hu ewé lásán lábẹ́ igi máńgòrò ti tanná, pupa fòò. Oòrùn ló ń wá. Mo hú u, mo gé iṣu abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ kí ojú wà lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo sì tún un gbìn sí gbangba lẹ́bàá kànga. Ìgbẹ́ adìyẹ tí ẹnì kan dábàá, ewé ló fi kún, kò kan òdòdó rárá.

Ti irúgbìn ìdò: èyí tí mo ha lára òkúta títí funfun inú fi yọ, tí mo rẹ sómi lọ́wọ́ọ́wọ́ mọ́jú, hù. Èyí tí mo kàn rẹ lásán ṣì le bí ọta.

Ọ̀pá ìdò tó tanná tán, mo gé e nídìí. Ọmọ ti ń yọ.

Ó ku kòkòrò tó ń ká ewé bora. Ọwọ́ ni mo fi ń ṣà á, ó ṣì ń padà wá.