"Òbíńtín" kọ́ o, ẹ jọ̀ọ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi,

Mo rí "òbíńtín" tí ẹnìkan nínú wa dá lábàá pé ká máa pe ångström ní Yorùbá, ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀, mo ní àwàdà ni. Àṣé òótọ́ ni! Ibo la ti ń fi ò- ṣáájú bíńtín? Òṣìṣẹ́ ní "ṣe" nínú, òṣèlú náà ní in. Ta ló wá ń bíńtín? Nanómítà, ìdá kan nínú mílíọ̀nù mìlímítà, kéré bíńtín, pikómítà tún kéré jù ú lọ. Èwo ni òbíńtín nínú wọn? Ìyá àgbà mi ta òfì títí tó fi darúgbó. Bí oníbàárà bá ní "ẹ fi díẹ̀ sí i", wọ́n á gbé ọ̀pá ìwọnṣọ dání, wọ́n á ní, "Díẹ̀ mélòó?"

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé tọmọ yìí, Uppsala ní Sweden ni. Anders Ångström, onímọ̀ físíìsì ibẹ̀, ló tẹ àwòrán àwọn ìlà tó ń hàn nígbà tí a bá tú ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọ̀ rẹ̀ jáde ní 1868, ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá mìlímítà ló sì fi wọn gígùn ìgbì wọn. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n padà fi sọ ìwọ̀n náà, bí a ṣe ń pe wáàtì ní wáàtì láìbínú.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ "áńgísírọ́mù", tí wọ́n ní ọgbọ̀n ọdún làwọn fi kọ́ni ní físíìsì, mo dọ̀bálẹ̀. Àmọ́ òrùka orí A yẹn kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Lẹ́nu àwọn ará Sweden, ọ wa gan-an ló jọ níbẹ̀. Ọ́ǹsítírọ́ọ̀mù! A ní ohùn náà nílé, a wá lọ ń yá ti Gẹ̀ẹ́sì.

Tí ẹ bá sì fẹ́ kó yé ọmọ iléèwé, ẹ ní ìdámẹ́wàá nanómítà ni. Ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ ìdámẹ́wàá lára. Ẹ má ṣáà yà á sọ́tọ̀: "ìdá mẹ́wàá", ọ̀nà mẹ́wàá nìyẹn.

Lánàá ni omi ìrẹsì mi ru bo iná gáàsì, iná búlúù di yẹ́lò rẹ́súrẹ́sú. Iyọ̀ ló fà á, sódíọ̀mù inú rẹ̀. Ìlà méjì ló wà nínú yẹ́lò yẹn, gígùn ìgbì wọn sì jẹ́ 5890 àti 5896 ọ́ǹsítírọ́ọ̀mù. Ẹ kọ ọ́ ní nanómítà, ó di 589.0 àti 589.6, ojúàmì ti wọ̀ ọ́. Nínú hóró iyọ̀ kan náà, láti átọ́ọ̀mù sódíọ̀mù kan dé ti klóríìnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nǹkan bí 2.8 ọ́ǹsítírọ́ọ̀mù ni. Ìwọ̀n kan ṣoṣo gba iná, ó gba iyọ̀. Ṣé òbíńtín ni kí n máa kà lẹ́yìn 5896?

Èyí tó tiẹ̀ bí mi nínú jù ni "gígún ìgbì" tí ẹnìkan kọ. Gígùn ni o! Iyán là ń gún. Ẹ̀yin tí ẹ sì sọ pé "ìjì ìmọ́lẹ̀" ló tọ̀nà, pé ti omi nìkan ni ìgbì, mo ń bọ̀ wá bá yín lálẹ́, bí wọn ò bá mú iná lọ.