Àbọ̀ lórí géèmù àtijọ́ tí mo bèèrè: ó ti ṣiṣẹ́!

Ẹ kú ìdáhùn o, ẹ̀yin ará. Mo bèèrè bí èèyàn ṣe lè gbá Prince of Persia ti 1989 lórí kọ̀ǹpútà òde òní. DOSBox, ètò kọ̀ǹpútà tí ẹ dárúkọ, ló ṣe é: ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tuntun ṣe bíi ti àtijọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbé nǹkan kan sórí ẹ̀rọ rẹ̀ lè wo Internet Archive, ìkànnì tí èèyàn ti lè gbá a lórí ayélujára.

Inú mi dùn kọjá àlà! Ọmọkùnrin aláṣọ funfun yẹn ṣì ń sáré, ó ń fò, ó ń dirọ̀ mọ́ etí òkúta bí èèyàn gidi. Jordan Mechner ló ṣe géèmù náà; àbúrò rẹ̀ ló ká sí fídíò, tó wá fi ya ìrìn ọmọkùnrin náà. Àwọn irin ṣóńṣó tó ń yọ látilẹ̀ ṣì ń já mi láyà. Nígbà tí a ń gbá a látijọ́, ẹ̀gbọ́n mi ló ń darí ọmọkùnrin náà, èmi ni mo ń tẹ Shift kí ó lè rọra rìn gba àárín wọn kọjá.

Mo ti ní kí ẹ̀gbọ́n mi náà gbé DOSBox sórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Ìbéèrè mi ti yanjú. Ẹ ṣeun gan-an ni.